Ọmọ Tó Ń Ṣe Ògbufọ̀ fún Ìyá Rẹ̀: Ìdí Tí Àwọn Latino fi Ń Yan Iṣẹ́ Tíṣà ní Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí àti tíṣà Yorùbá tó ń gbé ní Houston sọ ní ọjọ́ Sátidé kan nìyí. Mo tún un kọ kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè rí i kà.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀kọ́, ẹ kú ìjókòó. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tíṣà, mo mọ̀ pé ohun tí púpọ̀ nínú yín ń retí ni bí ọmọ wa yóò ṣe yege, tí yóò fi wọ yunifásítì tó dára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè kí n kọ́kọ́ sọ ti àwọn aládùúgbò wa. Láti ọdún 2006 ni mo ti ń kọ́ ọmọ nílùú yìí. Ní ilé ìwé tí mo wà, tíṣà tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, Latino ni, ẹni tí ìran rẹ̀ wá láti ilẹ̀ bíi Mẹ́síkò tàbí Puerto Rico. Èyí tó wà lọ́wọ́ òsì, Latino ni. Wọ́n ti kọ́ mi ní ohun tí kò sí nínú ìwé kankan tí mo kà, mo sì fẹ́ sọ ọ́ fún yín.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí àwọn òbí máa ń wá rí tíṣà ni, ní oṣù kẹwàá ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyá kan wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Hòtẹ́ẹ̀lì ló ti ń bọ̀, níbi tó ti ń tún yàrá ṣe. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, jókòó sáàárín àwa méjèèjì. Èmi ò gbọ́ Sípáníìṣì, ìyá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ló ń túmọ̀. Mo sọ fún ìyá pé nínú gbogbo ọmọ tí mo ń kọ́ lọ́dún yẹn, kò sí èyí tó mọ ìwé kà tó ọmọ rẹ̀, àti pé bó ṣe ń fi sùúrù ran àwọn tó kù lọ́wọ́ máa ń wú mi lórí. Mo dákẹ́ kí ọmọ lè túmọ̀. Ó tẹrí ba. Ó sọ bí ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ mi orí, ojú rẹ̀ ò yí padà, ó ní “gracias”, ó fẹ́ dìde. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ò dé etí rẹ̀.

Tíṣà tí kíláàsì rẹ̀ dojú kọ tèmi ló ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró. Ó wọlé, ó fa àga, ó ní kí n tún ọ̀rọ̀ mi sọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ wà léjìká ọmọ. Ìyá yẹn fi aṣọ iṣẹ́ bojú, ó sunkún.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo bi obìnrin yìí pé kí ló dé tí ọmọ ò fi sọ ohun tí mo ní kó sọ. Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè náà yà á lẹ́nu. Ó ní, “Ṣé ìwọ lè fi ẹnu ara rẹ yin ara rẹ níwájú ìyá rẹ?” Ó ní òun náà ti jókòó lórí àga yẹn rí, lọ́dọ̀ dókítà, ní báńkì, níwájú onílé tó ń bínú, ní ilé ìwé. Ó ní nígbà tí òun wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, òun lòun sọ fún ìyá òun ohun tí dókítà rí nínú ara rẹ̀. Ó ní ìdí tí òun fi di tíṣà nìyẹn, kí ọmọ kan ó má tún máa ṣe ògbufọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi àwọn tíṣà Latino léèrè, ọkùnrin wọn àti obìnrin wọn: kí ló mú ọ yan iṣẹ́ yìí? Ìdáhùn wọn kì í jọra, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí n máà bá àga yẹn pàdé nínú rẹ̀. Èrò mi lónìí ni pé púpọ̀ nínú àwọn Latino tó di tíṣà ti ń ṣe iṣẹ́ náà láti kékeré kí ẹnikẹ́ni tó fún wọn ní sáfíkéètì.

Kí n yára tú orúkọ méjì tí ẹ ń gbọ́ yìí. “Hispanic” ni orúkọ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń lò fún ẹni tí ìran rẹ̀ wá láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Sípáníìṣì. Láti 1980 ni wọ́n ti ń bi gbogbo ilé ní ìbéèrè yẹn nígbà ìkànìyàn. “Latino” ni ẹni tí ìran rẹ̀ wá láti Mẹ́síkò, láti àárín ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà tàbí láti àwọn erékùṣù bíi Kúbà àti Puerto Rico. Wọn kì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo, ọmọ Puerto Rico kì í ṣe ọmọ Mẹ́síkò, ọmọ Kúbà kì í ṣe ọmọ Bolivia. Àwọn mìíràn wà nínú wọn ní Texas níbí tí baba ńlá wọn ti ń dáko kí Texas tó di ara Amẹ́ríkà ní 1845. Àwọn yẹn máa ń sọ pé àwọn ò kọjá ààlà rárá, ààlà ló wá kọjá lórí àwọn.

Nọ́ńbà díẹ̀ péré. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2020 sí 2021, nínú ọmọ 100 tó wà ní ilé ìwé ìjọba ní Amẹ́ríkà, nǹkan bíi 28 ló jẹ́ Latino. Nínú tíṣà 100, 9 péré ni. Ní 1987 sí 1988, 3 ni wọ́n jẹ́. Wọ́n ti pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà ń pọ̀ sí i. Ní Texas, àwọn ọmọ Latino ti lé ní ìdajì gbogbo ọmọ ilé ìwé ìjọba. Ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ láti jẹ́lé-ó-sinmi, kó parí girama, kó má jókòó níwájú tíṣà kan ṣoṣo rí tó lè pe orúkọ bàbá rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ẹ mọ bí a ti ń wo tíṣà nílé. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 1955, tíṣà lẹni tí gbogbo abúlé ń gbé lẹ́tà wọn lọ bá. Òun ló ń kà á fún wọn, òun ló ń bá wọn kọ èsì, òun ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀gá òyìnbó tó wá bẹ ilé ìwé wò. Ògbufọ̀ ni òun náà. Nígbà tó yá, ayé yí, a wá ń sọ pé èrè tíṣà ń bẹ lọ́run, onílé ò sì fẹ́ fún un ní yàrá mọ́ nítorí owó oṣù tí kì í tètè jáde. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ojú wo ni mo fi wo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Mo rò pé iṣẹ́ tí wọ́n rí ni wọ́n ń ṣe. Mi ò mọ ohun tí ojú wọn ti rí.

Ìlú kékeré kan wà ní ìwọ̀ oòrùn Texas, Marfa lorúkọ rẹ̀. Ilé ìwé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Blackwell, tí wọ́n kọ́ ní 1909 fún àwọn ọmọ tí ìran wọn jẹ́ ti Mẹ́síkò. Àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun ní tiwọn lọ́tọ̀. Ọmọ tó bá sọ Sípáníìṣì ní Blackwell, pátákó ni wọ́n fi ń nà án. Ní 1954, ilé ìwé yẹn sin òkú kan. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ kọ̀wé sórí ègé bébà, wọ́n kó àwọn bébà náà sínú àpótí, àwọn ọmọ gbé e bí wọ́n ti ń gbé pósí, wọ́n sì gbẹ́ ilẹ̀ sin ín sí ìdí òpó àsíá. Orúkọ tí wọ́n fún òkú náà ni Ọ̀gbẹ́ni Sípáníìṣì. Àwọn ọmọdé ló ṣe ìsìnkú èdè ìyá wọn, àwọn tíṣà ń wò wọ́n.

Ẹ rò ó wò. Ọmọ tó gbé àpótí yẹn lọ́sàn-án, èdè wo ló fi sọ fún ìyá rẹ̀ nírọ̀lẹ́ pé ebi ń pa òun?

Ilé ìwé náà di títì ní 1965, nígbà tí Marfa da àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀. Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n wó o. Àwọn ló ń tọ́jú rẹ̀ fúnra wọn, títí tí ìjọba àpapọ̀ fi buwọ́ lu òfin ní 2022 pé kó di ibi ìrántí gbogbo orílẹ̀-èdè.

Mo rí i lójú yín pé ẹ̀yin kan ti rántí nǹkan. Èmi náà rántí. Ní ilé ìwé tí mo lọ nílé, ìwé pélébé kan wà tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ẹni tó bá sọ Yorùbá. Wọ́n ní “vernacular” ló sọ. Yóò wà lọ́rùn rẹ títí tí wàá fi gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹlòmíràn, kí o tó bọ́ ọ fún un. A kọ́ bí a ṣe ń ṣọ́ ẹnu ara wa. Ọjọ́ tí mo sọ ìtàn yìí fún àwọn tíṣà Latino nínú yàrá tí a ti ń jẹun ọ̀sán, kò sí ẹni tó bi mí pé kí ló fà á. Ọ̀kan nínú wọn, tó ti dàgbà, tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, na ọwọ́ rẹ̀ sí mi, ó fi ìka hàn mí ibi tí rúlà ti ba egungun rẹ̀. Ó ní òun di tíṣà kí òun lè wọ yàrá yẹn padà, kí òun sì di ìlẹ̀kùn rẹ̀ mú.

Irú ìdí bẹ́ẹ̀ ní ìtàn gidi lẹ́yìn. Ẹ gbọ́ ti Sal Castro, ọmọ Los Angeles. Ó lọ ilé ìwé díẹ̀ ní Mẹ́síkò nígbà tó wà ní kékeré. Nígbà tó padà dé, tíṣà fi í jókòó sí kọ̀rọ̀ kíláàsì torí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó. Ó sọ nígbà tó dàgbà pé òun ò fìgbà kan rò pé òun ló gọ̀. Ó ní àwọn tí kò gbọ́ ohun tí òun ń wí lòun rò pé wọ́n gọ̀. Ó di tíṣà ní ilé ìwé girama Lincoln. Ní oṣù kẹta ọdún 1968, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ilé ìwé dìde nínú kíláàsì ní ìlà oòrùn Los Angeles, láti Lincoln, Garfield, Roosevelt, Wilson àti Belmont, wọ́n bọ́ sí ìgboro, òun sì bá wọn jáde. Nínú ohun tí wọ́n béèrè ni kí wọ́n kọ́ wọn ní ìtàn àwọn baba wọn, kí èdè wọn má jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kí wọ́n sì gba tíṣà tó jẹ́ ọmọ Mẹ́síkò síṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ìyẹn. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń béèrè tíṣà. Wọ́n mú Castro pẹ̀lú àwọn méjìlá mìíràn, wọ́n gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn òbí àti àwọn ọmọ lọ jókòó sí ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́, wọ́n sùn síbẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru, títí wọ́n fi dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó yá, kóòtù da ẹ̀sùn náà nù.

Ṣáájú ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ẹbí Mendez ní California, tó yẹ kí gbogbo òbí tó wà níbí mọ̀.  Àǹtí àwọn ọmọ náà ló kó wọn pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwé ní Westminster. Wọ́n gba àwọn ọmọ tirẹ̀ torí awọ wọn mọ́ díẹ̀, orúkọ wọn sì dún bí ti Faransé. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ Mendez máa lọ sí ti àwọn ọmọ Mẹ́síkò. Gonzalo àti Felicitas Mendez gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù pẹ̀lú àwọn òbí mìíràn, wọ́n sì jàre ní 1946 àti ní ìpẹ̀jọ́ kejì ní 1947. Ọdún méje kí kóòtù tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà tó dá ẹjọ́ Brown tí gbogbo ayé mọ̀, èyí tó ní kí wọ́n má ya ọmọ dúdú àti funfun sọ́tọ̀ ní ilé ìwé ìjọba mọ́, nìyẹn.

Mo ti sọ ti ọgbẹ́. Bó bá jẹ́ ọgbẹ́ nìkan ni, ẹni tó gbọgbẹ́ lè sá fún ilé ìwé títí ayé, ọ̀pọ̀ sì sá. Nǹkan mìíràn wà nínú ilé wọn tó ń fà wọ́n padà, ìyẹn ló sì yà mí lẹ́nu jù, torí pé a ní in.

Ọ̀rọ̀ kan wà ní Sípáníìṣì, “educación”. Ẹni tó bá gbọ́ ọ sáré yóò ní ìwé kíkà ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní ọmọ jẹ́ “bien educado”, wọ́n ń sọ pé ó mọ̀ ọ́n kí, ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ó mọ bí a ti ń jókòó láwùjọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó gboyè mẹ́ta lè jẹ́ “mal educado” bó bá wọlé tí kò kí ẹni tó bá níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Nínú ilé bẹ́ẹ̀, tíṣà kì í ṣe ẹni tó ń ta ìmọ̀, ìyá kejì ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ fi ń pè é ní “Maestra” láìfi orúkọ kún un, bí àwa náà ti ń sọ pé “Tíṣà, ẹ káàárọ̀”. Màmá tí kò ka ìwé kọjá kíláàsì kẹta yóò jókòó ti ọmọ rẹ̀ lálẹ́, yóò máa fún un ní ohun tí wọ́n ń pè ní “consejos”, ìmọ̀ràn tó ń ti ẹnu ìtàn ayé rẹ̀ jáde: ohun tí ojú mi rí nínú oko tòmátò nìyí, má jẹ́ kó rí ọ. Ọmọ tó dàgbà lábẹ́ irú ìyá bẹ́ẹ̀ ti mọ bí a ti ń kọ́ni. Àwọn ọ̀gá ilé ìwé kan máa ń ní àwọn òbí Latino ò bìkítà fún ẹ̀kọ́ ọmọ wọn torí wọn kì í wá sí ìpàdé. Ó máa ń dùn mí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ méjì lóòjọ́, tí kò gbọ́ èdè ìpàdé náà, ẹ ò lè fi àga òfìfo dá a lẹ́jọ́.

Nítorí náà, nígbà tí ilé ìwé ìjọba ò gbà wọ́n tọkàntọkàn, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀. Ní Texas, “escuelita” ni wọ́n ń pè é, ilé ìwé kékeré nínú yàrá ẹnì kan, tí obìnrin àdúgbò ti ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà ní Sípáníìṣì. Jovita Idár, ọmọ Laredo, gba ìwé ẹ̀rí tíṣà ní 1903. Ó lọ kọ́ ọmọ ní Los Ojuelos, kò bá ìwé tó pọ̀ tó níbẹ̀, àga ò tó. Ó fi kíláàsì sílẹ̀, ó di oníwèé ìròyìn, ó sì fi kálàmù jà. Ní 1911 òun àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tún padà sórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ tálákà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní owó ẹyọ sẹ́ǹtì 25 ti ọdún 2023 lápò, ẹ wò ó dáadáa, ojú rẹ̀ wà lára ọ̀kan nínú wọn.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù lọ ni ti Ganado, níbí ní Texas, ní 1957. Felix Tijerina, ará Houston tó ń ta oúnjẹ Mẹ́síkò, tó sì jẹ́ ààrẹ LULAC, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn Latino, ń wá ọ̀nà tí ọmọ kékeré tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò fi ní máa tún kíláàsì kìíní ṣe. Ó rò pé bí ọmọ bá mọ 400 ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó tó wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò dúró. Ta ló wá kọ́ kíláàsì àkọ́kọ́? Isabel Verver, ọmọbìnrin ọdún 17, tí òun fúnra rẹ̀ ṣì wà ní girama. Òun ló ti rìn lọ bá àwọn òbí nílé pé kí wọ́n fún òun lọ́mọ. Ó mọ bí ó ti rí láti jókòó ní kíláàsì tí ohun gbogbo ń dún bí òjò lórí páànù. Ní 1959, ìpínlẹ̀ Texas sọ irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ di òfin. Ọmọ ọdún 17 ló ṣáájú ìjọba.

Mi ò ní pẹ́ lórí Jaime Escalante torí ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ apá tí wọn kì í sábà sọ. Ọmọ La Paz ní Bolivia ni, tíṣà ni bàbá rẹ̀, tíṣà ni ìyá rẹ̀, òun náà sì ti jẹ́ tíṣà tó lórúkọ nílé kó tó kọjá sí California ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ò jámọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Ó fọ ilẹ̀ ilé oúnjẹ. Ó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó kàwé lálẹ́, ó rí iṣẹ́ tó dára ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi digírì ilé ṣe iṣẹ́ ṣíṣọ́ ọgbà níbí, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí yín. Lẹ́yìn náà ló wá fi owó tó tóbi sílẹ̀ gba owó tó kéré, kó lè padà sí kíláàsì, ní 1974, ní Garfield, ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwé tí àwọn ọmọ ti tú jáde ní 1968. Ní 1982, àwọn ọmọ rẹ̀ 18 yege nínú ìdánwò calculus, ìṣirò gíga tó le. Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò fura sí 14 nínú wọn. Àwọn 12 gbà láti tún un ṣe, gbogbo wọn sì tún yege. Ọ̀rọ̀ kan ló máa ń sọ fún wọn: “ganas”. Ìfẹ́ ọkàn tó ní agbára nínú ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé bí kò bá mọ ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀rí ẹni di bébà lásán, bóyá kò bá ti mọ bí a ti ń dúró ti ọmọ tí wọ́n ní ó jíwèé wò.

Ó yẹ kí n sọ òótọ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn ni ọgbẹ́ tàbí ìtàn ńlá gbé wá. Ẹ lọ sí àfonífojì Rio Grande, ní gúúsù ìpínlẹ̀ yìí, létí ààlà Mẹ́síkò. Ọ̀pọ̀ ìlú wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ilé ìwé ló ń gba èèyàn síṣẹ́ jù. Yunifásítì wà nítòsí ní Edinburg, ọmọ lè máa ti ilé lọ, kò ní fi ìyá àgbà sílẹ̀, kò ní jẹ gbèsè tó pọ̀. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó máa gboyè nínú ẹbí, iṣẹ́ alákọ̀wé tí o mọ̀ dájú, tí o rí pẹ̀lú ojú rẹ, tíṣà ni. Ó ní owó oṣù tí kì í dúró, ó ní ìtọ́jú ìlera. Bí o bá gbọ́ èdè méjì, ọ̀pọ̀ àgbègbè ẹ̀kọ́ ní Texas ní owó díẹ̀ tí wọ́n ń fi kún un fún ọ. Mi ò rí àbùkù nínú ìdí bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ dúró sí ilé wọn ni. Miguel Cardona, tí òbí rẹ̀ wá láti Puerto Rico, wọ ilé ìwé ní Meriden ní Connecticut láìgbọ́ ju Sípáníìṣì lọ. Nígbà tó gboyè, Meriden yẹn kan náà ló padà sí, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin. Ní 2021 ló di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ fún gbogbo Amẹ́ríkà.

Ohun tí iṣẹ́ náà ń gbà lọ́wọ́ wọn pọ̀. Dolores Huerta kọ́ ọmọ ní Stockton ní àwọn ọdún 1950, ó sì fi í sílẹ̀ torí kò lè máa wo ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ oko tó ń wá sí kíláàsì pẹ̀lú ebi àti láìsí bàtà. Ó lọ kó àwọn òbí wọn jọ sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Lóde òní, tíṣà Latino tó wà nílé ìwé wa ń ṣe iṣẹ́ méjì. Bí ìyá kan bá dé ọ́fíìsì, òun ni wọ́n máa pè. Bí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ bá bàbá kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, òun ni. Bí lẹ́tà bá fẹ́ jáde, òun ni yóò túmọ̀ rẹ̀ lákòókò tó yẹ kó fi jẹun. Kò sẹ́ni tó ń sanwó rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé àga ìgbà èwe òun yẹn ṣì wà nídìí òun. Irú àárẹ̀ yìí ló ń lé púpọ̀ lọ.

Òfin náà a sì máa yí mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní 1998, àwọn olùdìbò California fi Àbá 227 fòpin sí ẹ̀kọ́ elédè méjì ní ọ̀pọ̀ kíláàsì. Ní 2016, wọ́n tún dìbò dá a padà pẹ̀lú Àbá 58. Ọdún 18 láàárín méjèèjì, ìgbà ọmọdé odindi ìran kan. Ó máa ń ká mi lára torí pé àwa Yorùbá ti dáhùn ìbéèrè yẹn fún gbogbo ayé. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ yẹn ò kẹ́yìn, wọ́n tiẹ̀ ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí mo sọ èyí fún àwọn tíṣà wa, wọ́n ní kí n kọ orúkọ Ifẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn.

Àwọn kan tún wà nínú wọn tí wọ́n gbé wá síbí ní kékeré láìní ìwé àṣẹ ìgbélùú. Ẹjọ́ Plyler ní 1982, tó bẹ̀rẹ̀ ní Tyler ní Texas, ló jẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè jókòó ní ilé ìwé ìjọba. DACA, ètò ìjọba ti 2012 tí kò jẹ́ kí wọ́n lé irú wọn kúrò nílùú, tó sì fún wọn ní àṣẹ iṣẹ́, ló jẹ́ kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn lè di tíṣà. Ọdún méjì méjì ni ìwé àṣẹ iṣẹ́ wọn. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun yóò wà lórílẹ̀-èdè yìí lọ́dún mẹ́ta òní ló ń kọ́ ọmọ ọdún méje bí a ti ń kọ orúkọ ara ẹni.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ṣe olùrànlọ́wọ́ tíṣà ní ilé ìwé ìlú yìí, ẹ̀yin ni mo tìtorí yín gba ìpè yìí. Mo mọ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ ń gbé ọmọ tó ń sunkún, ẹ̀yin lẹ mọ èyí tí kò jẹun. Ọ̀pọ̀ tíṣà Latino tí mo mọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní Chicago, ní àdúgbò Logan Square, àwọn ìyá tí wọ́n kàn wá ran tíṣà lọ́wọ́ nínú kíláàsì ni wọ́n ràn lọ́wọ́ títí tí àwọn kan nínú wọn fi gboyè. Ní Texas, ẹ nílò digírì, ẹ nílò ìdánwò ìpínlẹ̀. Àwọn tó ti ní digírì láti ilé, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún yín kí ẹ tó pinnu pé kò wúlò. Mo ti kọ ohun tí mo mọ̀ sínú bébà, ó wà lórí tábìlì lẹ́yìn, n ó sì jókòó níbẹ̀ títí ẹni tó kẹ́yìn yóò fi béèrè tirẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi tí kíláàsì rẹ̀ dojú kọ tèmi yẹn ṣì ń kọ́ ọmọ. Nígbà ìpàdé àwọn òbí, ó ní bọ́ọ̀lù kan tó máa ń fi sí ìdí tábìlì rẹ̀. Bí ìyá bá wọlé pẹ̀lú ọmọ, tí ọmọ ń múra láti jókòó sáàárín, yóò gbé bọ́ọ̀lù náà fún un, yóò ní kó lọ ṣeré nínú ọgbà. Ní ọdún tó kọjá, mo rí ọmọbìnrin kan tó dúró síta pẹ̀lú bọ́ọ̀lù náà lọ́wọ́. Kò tíì mọ ohun tó yẹ kó fi ṣe. Ó ń yọjú wo ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó wò wọ́n títí. Lẹ́yìn náà ló ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó sì gbá a.